Lẹ́tà Ń Wọlé, Kò Jáde: Bí Ẹ Ṣe Máa So Ímeèlì Iṣẹ́ Yín Mọ́ Sáfà Tó Ń Béèrè Ẹni Tí Ẹ Jẹ́

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi wo fóònù yìí. Àwọn oníbàárà ń kọ̀wé sí mi, mo ń rí i. Èmi náà ń dá wọn lóhùn, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan." Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti kọ iye owó aṣọ ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní London. Nígbà tí mo ṣí fóònù náà, lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ni mo bá nínú Outbox, gbogbo wọn jókòó bí èrò tó ń dúró de mọ́tò tí kò ní í dé.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n ń so ímeèlì náà mọ́ iPhone màmá, àyè méjì ni wọ́n fò. iPhone kọ "Optional" sí àyè méjèèjì, ẹni tó bá wọn ṣe é sì gbà pé ohun tí wọ́n bá ti ní kò pọn dandan, kéèyàn yáa fi sílẹ̀. Mo kọ orúkọ ìwọlé àti páswọ́ọ̀dù síbẹ̀, mo tẹ Done, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Irú ìpè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ohun tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni lẹ́tà ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde. Ilẹ̀kùn méjì ni, oníbodè kọ̀ọ̀kan ló sì dúró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ ti dáhùn "ta nìyẹn?" lẹ́nu ilẹ̀kùn àbáwọlé kò sọ pé oníbodè àbájáde ti mọ̀ yín.

Ó ti pẹ́ tí ilẹ̀kùn àbáwọlé ti ní oníbodè, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn máa ka lẹ́tà òun. Ilẹ̀kùn àbájáde ló wà ní gbayawu. Nígbà tí Jon Postel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, kọ SMTP, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, jáde lọ́dún 1982, àwọn tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tó nǹkan, ìlànà náà kò sì ní àyè kankan tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà tó sì ń gbé e lọ, ti lè béèrè páswọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni lè gbé lẹ́tà wá síwájú sáfà pé "bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ lágbájá," sáfà á sì gbé e. Àwọn gbájúẹ̀ rí èyí, inú wọn dùn, wọ́n sọ sáfà onísáfà di ọkọ̀ ọ̀fẹ́. Lọ́dún 1998 ni wọ́n wá ya ojúlé 587 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà kan lára sáfà) sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́, lọ́dún 1999 ìlànà AUTH jáde, ìyẹn èyí tó jẹ́ kí sáfà lè sọ pé, "Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ yín ná." Kí ó tó gbilẹ̀, àwọn kan ń ta ọgbọ́n: ẹ lọ ka lẹ́tà tó wà nínú àpótí yín, sáfà á rántí ibi tí ẹ ti wá, á sì jẹ́ kí ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ibẹ̀ ni àṣà tí àwọn akọ̀wé àtijọ́ kan ò tíì fi sílẹ̀ ti wá, tí wọ́n á ní kí ẹ tẹ Receive kí ẹ tó tẹ Send.

Ọgbọ́n yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: bébà àti bírò

Ẹ má tíì fọwọ́ kan fóònù. Ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé asooke.example ni orúkọ dòméènì yín, ìyẹn ohun tó wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì yín. Àpẹẹrẹ lásán ni, tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀:

Àdírẹ́sì: oja@asooke.example
Orúkọ ìwọlé: oja@asooke.example
Sáfà àbáwọlé: mail.asooke.example, IMAP, ojúlé 993, SSL/TLS
Sáfà àbájáde: mail.asooke.example, SMTP, ojúlé 465, SSL/TLS
Ìdánimọ̀ fún àbájáde: orúkọ ìwọlé àti páswọ́ọ̀dù kan náà
Páswọ́ọ̀dù: ẹ jẹ́ kí èyí wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ máa rí ìdí rẹ̀

Ìlà kejì yẹn, ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ "oja" nìkan. Lórí sáfà tí ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ jọ ń lò, "oja" lè pọ̀ níbẹ̀, "info" ò ṣeé kà. Bí ẹ bá wọ agboolé ńlá tí ẹ ní Ìyá Ìbejì lẹ ń wá, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn. Àdírẹ́sì lódindi ni kí ẹ kọ, títí kan ohun tó wà lẹ́yìn @.

Níbo lẹ ti máa rí àwọn nǹkan wọ̀nyí? Bí ilé iṣẹ́ tó gba ìkànnì yín lálejò bá ń lo cPanel, ìyẹn ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣàkóso ìkànnì, ẹ wọlé síbẹ̀, ẹ lọ sí Email Accounts, ẹ wá àdírẹ́sì yín, ẹ tẹ Connect Devices. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Apá méjì lẹ máa rí, ọ̀kan ní SSL/TLS, ìyẹn ohun tó ń ti ilẹ̀kùn kí ará òde má gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ọ̀kan kò ní. Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí èkejì.

Tó bá jẹ́ Gmail, imap.gmail.com ni àbáwọlé, smtp.gmail.com ni àbájáde. Ti Yahoo ni imap.mail.yahoo.com àti smtp.mail.yahoo.com. Ti Outlook.com ni outlook.office365.com fún àbáwọlé, smtp-mail.outlook.com ojúlé 587 fún àbájáde. Àmọ́ ọ̀rọ̀ páswọ́ọ̀dù àwọn mẹ́ta yìí yàtọ̀, mo máa débẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: IMAP ni kí ẹ mú

Fóònù yóò bi yín bóyá IMAP ni tàbí POP3. POP3 máa ń kó lẹ́tà wá sílé, bí wọn ò bá sì sọ fún un pé kó fi ẹ̀dà sílẹ̀, ó lè nu ti orí sáfà nù. IMAP ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí sáfà, ohun tí ẹ bá kà lórí fóònù, kọ̀ǹpútà á mọ̀ pé ẹ ti kà á. Mo mọ agbẹjọ́rò kan tó ń lo POP3 lórí fóònù. Wọ́n já fóònù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, lẹ́tà ọdún méjì bá olè lọ. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Kókó ọ̀rọ̀ mi lórí POP3 nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ojúlé wo?

Kọ̀ǹpútà kan lè máa ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Port ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Èmi ń pè é ní ojúlé torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ojúlé 25 wà fún sáfà tó ń gbé lẹ́tà fún sáfà ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò kàn yín. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ ti dí i mọ́ àwọn oníbàárà wọn nítorí spam. Bí ẹ bá bá 25 nínú ètò fóònù yín, ẹ yí i padà.

Ó ku 465 àti 587. Ní ojúlé 465, fóònù àti sáfà á ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó wà lóde ò gbọ́ nǹkan kan. Ní 587, wọ́n á kọ́kọ́ kí ara wọn ní gbangba, fóònù á wá sọ pé STARTTLS, ìyẹn ni pé "ẹ jẹ́ ká wọ ìyẹ̀wù," wọ́n á sì wọlé lọ sọ ìyókù. Wọ́n ti pa 465 tì nígbà kan, àmọ́ nínú ìlànà kan tó jáde lọ́dún 2018, wọ́n dá a padà, wọ́n sì ní òun ni kí àwọn èèyàn máa fẹ́ràn jù. Èmi náà fara mọ́ ọn, torí níbi tí a ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní gbangba, ẹni burúkú lè dá sí i.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ má ṣe so wọ́n pọ̀ lódì. Bí ẹ bá mú 465, SSL/TLS ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá mú 587, STARTTLS ni. Bí ẹ bá fi 465 ti STARTTLS, fóònù á máa dúró kí sáfà kí òun, sáfà ń dúró kí fóònù kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì á wà níbẹ̀ títí ó fi máa sú wọn. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lẹ́yìn ti ìyá aláṣọ òkè nìyí.

Ẹ má yan "None" láé. Lórí Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti pápákọ̀ òfúrufú, "None" túmọ̀ sí pé ẹ ń pariwo páswọ́ọ̀dù yín láàárín ọjà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kó o sínú fóònù

Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Mail, ẹ tẹ Accounts, Add Account, Other, Add Mail Account. (Lórí àwọn tó jáde láìpẹ́, inú Apps ni Mail wà.) Ẹ kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti páswọ́ọ̀dù, ẹ tẹ Next. Ẹ rí i pé IMAP ló mọ́lẹ̀ lókè. Níbi Incoming Mail Server, ẹ kọ mail.asooke.example, àdírẹ́sì lódindi, páswọ́ọ̀dù. Ẹ wá fi ìka yí i sókè. Outgoing Mail Server wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "Optional" wà, tó fara sin pẹ̀lú àwọ̀ eérú. Ẹ kọ ohun kan náà síbẹ̀. Orí mi máa ń gbóná sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò tíì bá sáfà kan pàdé láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí kò ka àyè méjì yẹn sí dandan.

Bí wọ́n bá ti so ó tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní láti pa á rẹ́. Ẹ ṣí àkáǹtì náà, ẹ tẹ SMTP, ẹ tẹ ohun tó wà lábẹ́ Primary Server. Ẹ kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, ẹ tan Use SSL, ẹ fi Authentication sí Password, ẹ kọ 465 sí Server Port.

Lórí Android, áàpù Gmail lè gba ímeèlì tí kì í ṣe ti Google. Ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ Add another account, ẹ yan Other. Ẹ kọ àdírẹ́sì, ẹ yan Personal (IMAP), ẹ kọ páswọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà sáfà àbáwọlé. Nígbà tí ẹ bá dé ibi sáfà àbájáde, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Require sign-in sí. Ó gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Irú "Optional" ti iPhone lòun náà.

Lórí kọ̀ǹpútà, Thunderbird ni mo máa ń fi sí i fún àwọn èèyàn, torí ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í fi nǹkan pamọ́. Ìkìlọ̀ kan ni pé ètò àbájáde kò sí lábẹ́ àkáǹtì yín gan-an. Nínú Account Settings, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá lápá òsì, ẹ máa rí Outgoing Server níbẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ yan Authentication method, ẹ mú Normal password. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù, inú ilẹ̀kùn tí a ti tì ni páswọ́ọ̀dù náà ń gbà kọjá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Gmail, Yahoo àti Outlook

Ẹni tó bá fi páswọ́ọ̀dù Gmail rẹ̀ gan-an sínú Thunderbird àtijọ́ tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń fi bébà ránṣẹ́ sí ímeèlì, wọ́n á sọ fún un pé páswọ́ọ̀dù kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń lò lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Google ti ń jáwọ́ nínú gbígba páswọ́ọ̀dù lásán lọ́wọ́ áàpù. Microsoft ṣe bẹ́ẹ̀ fún Outlook.com ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024.

Ọ̀nà méjì ló ṣẹ́ kù. Àkọ́kọ́ ni OAuth2: áàpù á gbé yín lọ sí ojú ewé Google tàbí Microsoft fúnra rẹ̀, ẹ máa wọlé níbẹ̀, wọ́n á fún áàpù náà ní àmì ìyọ̀ǹda láìjẹ́ pé ó rí páswọ́ọ̀dù yín. Thunderbird tòní ń ṣe é, ti Outlook.com sì ti di dandan. Èkejì ni app password, tí Google àti Yahoo ṣì ń fúnni. Ti Google, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan 2-Step Verification. Lẹ́yìn náà wọ́n á fún yín ní lẹ́tà mẹ́rìndínlógún tí wọ́n pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi í hàn. Ẹ kó o sínú ẹ̀rọ náà, ẹ má kọ ọ́ sí ibòmíràn. Bí fóònù tàbí ẹ̀rọ kan bá sọnù, ẹ fagi lé tirẹ̀ nìkan, ìyókù á máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ sì rántí pé ọjọ́ tí ẹ bá yí páswọ́ọ̀dù Google yín padà, gbogbo app password tí ẹ ti gbà ló máa kú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò, tó bá kọ̀, ẹ fetí sí i

Ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì mìíràn tó jẹ́ tiyín, ní ilé iṣẹ́ mìíràn, kí ẹ sì fèsì láti ibẹ̀. Bí méjèèjì bá dé, ẹ fo ibí yìí. Bí kò bá dé, tí ẹ ní kọ̀ǹpútà tó ní openssl (ètò kan tí wọ́n ń tẹ àṣẹ rẹ̀ sínú Terminal), ẹ wá jẹ́ ká gbọ́ ohun tí oníbodè ń sọ gan-an. Ẹ tẹ èyí:

openssl s_client -connect mail.asooke.example:465 -crlf -quiet

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìwé ẹ̀rí sáfà, ìjíròrò náà á lọ báyìí. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ni ti sáfà, ìyókù lẹ̀yin ń tẹ̀:

220 mail.asooke.example ESMTP
EHLO ile.example
250-mail.asooke.example
250-AUTH PLAIN LOGIN
250 HELP
AUTH LOGIN
334 VXNlcm5hbWU6
b2phQGFzb29rZS5leGFtcGxl
334 UGFzc3dvcmQ6

Ẹ kíyè sí EHLO. Ìkíni ni. Bí ẹ bá wọlé tí ẹ kàn ń béèrè nǹkan láìkí sáfà, ọ̀pọ̀ wọn á dá yín lóhùn pẹ̀lú 503, pé kí ẹ kọ́kọ́ kí àwọn ná. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn, àmọ́ wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ìlà tí AUTH wà lẹ ń wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, sáfà yẹn ò gba ìdánimọ̀ ní ojúlé tí ẹ wà, ojúlé mìíràn ni kí ẹ lọ. Ohun tó dà bí èdè àjèjì lẹ́yìn 334 kì í ṣe àṣírí: "Username:" ni wọ́n dà láṣọ bò pẹ̀lú base64, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fi àmì mìíràn kọ ọ̀rọ̀, èkejì ni "Password:". Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ da aṣọ yẹn bo tiyín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni:

printf '%s' 'oja@asooke.example' | base64

Ọ̀pọ̀ ló máa ń lo echo dípò printf, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jìn sí kòtò, torí echo máa ń fi ìlà òfìfo kan tí ojú ò rí kún un lẹ́yìn, sáfà á sì ní orúkọ yẹn ò sí. Ẹ má sì rò pé base64 ń dáàbò bo nǹkan kan. YWRpcmU= kàn jẹ́ "adire" ni, ọmọdé tó ní kọ̀ǹpútà lè tú u. TLS ló ń dáàbò bò yín, ìdí tí mo fi ní kí ẹ má yan "None" nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ nu àṣẹ tí páswọ́ọ̀dù yín wà nínú rẹ̀ kúrò nínú ìtàn kọ̀ǹpútà náà.

Bí sáfà bá dáhùn pé 235, ó ti mọ̀ yín, inú fóònù ni àṣìṣe wà. Bí ó bá ní 535, ọ̀rọ̀ wà.

Ìgbésẹ̀ keje: ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ

535: orúkọ tàbí páswọ́ọ̀dù kò bá mu. Kí ẹ tó bínú, ẹ wò bóyá fóònù ti sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ páswọ́ọ̀dù di ńlá, tàbí ó fi àyè kan sí ẹ̀yìn àdírẹ́sì nígbà tí ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ fún yín. Àyè yẹn ò hàn sójú. Ẹ pa á rẹ́, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹwàá láìdúró, sáfà lè tì yín pa fún wákàtí kan, páswọ́ọ̀dù tó tọ̀nà pàápàá kò ní í wọlé. Ẹ sinmi ná.

530: ẹ ò tíì sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Ìyá aláṣọ òkè nìyẹn.

550 tàbí 554 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "relay": ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu mìíràn. Sáfà ń sọ pé òun kì í gbé ẹrù fún àlejò. Ẹ lè máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn tí ẹ jọ wà nínú ilé iṣẹ́ kan náà kó sì dé, torí abẹ́ òrùlé sáfà náà ni wọ́n wà, àmọ́ tó bá jẹ́ ti òde, á kọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "ti ọ̀gá ń lọ, ti oníbàárà ò lọ," ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bí ó bá dákẹ́ láìsọ nǹkan kan títí àkókò fi kọjá, ojúlé ti dí tàbí ẹ so wọ́n lódì. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ lo dátà fóònù. Bó bá lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì ló ń dí i.

Ti ìwé ẹ̀rí sáfà wá kù. Fóònù á ní òun ò lè fọkàn tán sáfà náà. Ó lè jẹ́ pé orúkọ tí ẹ kọ kọ́ ló wà lórí ìwé ẹ̀rí: ẹ kọ mail.asooke.example, orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbà yín lálejò ló wà níbẹ̀, nítorí náà orúkọ tiwọn ni kí ẹ lò. Mo ti fi odindi ọ̀sán kan ṣòfò lórí ẹ̀yà kejì. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, fóònù kan ṣoṣo ló kọ̀ nínú mẹ́fà, mo pa áàpù rẹ́, mo tún un gbé wọlé, mo yí páswọ́ọ̀dù, pàbó. Ọmọ tó ń gbá ilé ló wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ní, "Bọ̀dá, ọjọ́ tó wà lórí fóònù yìí, ọdún tó kọjá ni." Bátìrì ti kú pátápátá lọ́jọ́ kan, kálẹ́ńdà sì padà sẹ́yìn. Lójú fóònù yẹn, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún sáfà lóṣù tó kọjá ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ra Lacasera fún ọmọ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: sáfà yín náà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó jẹ́

Lẹ́tà ti jáde wàyí, Outbox ti ṣófo, oníbàárà ní inú Spam lòun ti rí i. Oníbodè yín mọ̀ yín, àmọ́ oníbodè tòun ò mọ sáfà yín. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo ti le sí èyí: ẹni tó bá ń kọ̀wé sí wọn gbọ́dọ̀ ní SPF tàbí DKIM, ẹni tó bá sì ń fi lẹ́tà tó tó 5,000 ránṣẹ́ sí Gmail lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní méjèèjì pẹ̀lú DMARC. Èmi ní kí gbogbo èèyàn ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú DNS dòméènì yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń júwe dòméènì yín fún gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń wà.

SPF ni orúkọ àwọn sáfà tí ẹ rán níṣẹ́. Ìlà kan ni:

v=spf1 a mx ~all

Bí ẹ bá tún ń lo Google Workspace, ẹ fi include:_spf.google.com kún un kí ẹ tó dé ~all. Inú ìlà kan náà ni o. Ìlà SPF méjì lórí dòméènì kan ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ó sàn kó má sí rárá.

DKIM ni èdìdì. Sáfà yín á fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ di lẹ́tà, kọ́kọ́rọ́ gbangba tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò sì wà nínú DNS. Bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ padà lójú ọ̀nà, á hàn, bí àrokò tí ẹnì kan ti tú kó tó dé. Ẹ ò ní í kọ èyí fúnra yín. Nínú cPanel, ẹ ṣí Email Deliverability. Bí ó bá kọ pé ìṣòro wà níwájú dòméènì yín, ẹ tẹ Repair, á ṣe SPF àti DKIM pọ̀. Bí DNS yín bá wà níbòmíràn, á fún yín ní ohun tí ẹ máa dà kọ lọ síbẹ̀.

DMARC ló ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí lẹ́tà tó ń jẹ́ orúkọ yín tí kò ní ẹ̀rí. Lórí _dmarc.asooke.example, ẹ kọ:

v=DMARC1; p=none; rua=mailto:iroyin@asooke.example

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú p=none. Ìròyìn á máa wá sí àdírẹ́sì yẹn nípa àwọn tó ń lo orúkọ yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹ bá ti rí i pé gbogbo sáfà tiyín ń yege, ẹ sọ ọ́ di p=quarantine, lẹ́yìn náà p=reject. Ẹ má kánjú: ilé iṣẹ́ kan fò lọ sí reject lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbàgbé pé fọ́ọ̀mù orí ìkànnì wọn ń fi sáfà mìíràn ránṣẹ́, ìbéèrè àwọn oníbàárà wọn sì pòórá fún oṣù kan.

Kí ẹ lè mọ̀ pé ó ti dára, ẹ kọ̀wé sí Gmail kan, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó tò léra wọn (⋮) lápá ọ̀tún lẹ́tà náà, ẹ yan Show original. Lókè, PASS gbọ́dọ̀ wà níwájú SPF, DKIM àti DMARC.

Ó ku nǹkan kan. Ẹni tó bá jí páswọ́ọ̀dù yín ti di ẹ̀yin lójú gbogbo oníbodè wọ̀nyí, lẹ́tà rẹ̀ á ní PASS mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á rọra ṣètò sínú àpótí yín pé kí ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tó bá ní "invoice" máa lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á wá fi nọ́ńbà báǹkì tiwọn dá oníbàárà yín lóhùn. Bí ẹ bá fura, yíyí páswọ́ọ̀dù nìkan ò tó. Ẹ wo Forwarders àti Filters nínú cPanel, tàbí Filters àti Forwarding nínú Gmail, ẹ pa ohun tí ẹ ò mọ̀ rẹ́.

Bébà àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ fi síbi tí ẹ máa ti rí i lọ́jọ́ tí ẹ bá ra fóònù tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fa ìlà ìsàlẹ̀ ya, kí ẹ sun ún.